Òjó Kì Í Ṣe Òjò

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá jókòó tì mí, tó ní àmì kan tí kò tó ẹyin iná orí lé àgbà ọkùnrin kúrò nílùú, èmi náà á bi í pé ẹmu ibo ló mu láàárọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmì ni mo fi ayé mi ṣe, ojú mi ló sì ṣe. Ẹni tí kò bá gbà, kó máa kà á bí ẹni ń gbọ́ àlọ́.

Òjó lorúkọ mi. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa: dò, mí. Ẹni tó bá pè é ní dò, dò, òjò ló pè yẹn, omi tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, èmi kọ́. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ síbì kan, a máa tó lò ó.

Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkìrun níbí máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Wọn a ní, "Bàbá, irú iṣẹ́ wo ló dáa ká kọ́?" Èmi tí mi ò tíì gbé ọ̀pá, tí eyín mi ṣì pé! Wọ́n ní ṣebí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí. Ká sọ òótọ́, èmi kọ́ ni mo fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, tó fi mí sílẹ̀ lórí ìjókòó. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí, kí n lè máa nà án sí wọn dípò kí n máa tún un sọ.

Atolẹ́tà ni mí nílé ìtẹ̀wé. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: bàbá mi mú mi lọ, ọ̀gá gbá ọwọ́ mi mú, ó wo ìka mi, ó ní ó tín-ín-rín, ó dáa. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ wa bọ̀.

Ẹ̀rọ tí a ní nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé inú ẹ̀rọ, ọwọ́ ló ń tò ó. Òjé ni wọ́n fi ṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà nínú àpótí onígi tó ní yàrá wẹ́wẹ́: yàrá a, yàrá b, yàrá o, yàrá ọ. Àwa ọmọṣẹ́ ń pe ọ ní "o tó jókòó lórí òkúta", nítorí àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni lẹ́tà ń kọjú sí, bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. A ń kà á bẹ́ẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ ya ẹnu. Atolẹ́tà kì í ka ọ̀rọ̀ sókè. Ọ̀gá mi ní ẹnu a máa parọ́ fún ojú. Ó ní ohun tí ẹnu ń retí ló ń kà, ojú ló ń ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá yìí, Bàbá Àmì ni gbogbo Ìkìrun ń pè é. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, kì í wọ bàtà. Bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà náà ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù, àwa náà sì ń bọ́ tiwa sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbé, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ṣé ẹ rí i, bí lẹ́tà bá jábọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ohun tó gbóná jù lára rẹ̀ ni àmì. Àwọn ilé ìtẹ̀wé yòókù lágbègbè wa, bí wọ́n bá rí àmì fi sí i, wọ́n á fi sí i. Bí wọn ò bá rí, wọ́n á ní kí òǹkàwé máa fi òye gbé e. Bàbá Àmì kò jẹ́ gbà. "Yorùbá tí kò lámì," á ní, "kì í ṣe ààbọ̀ ọ̀rọ̀, òkú ọ̀rọ̀ ni. Èmi kì í sì í ta òkú."

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan láti Òkukù wá tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ká fi òwe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Èmi ni mo tò ó. Àmì kan ṣoṣo bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ló bá di: iṣẹ́ kì í pani, iṣẹ́ ló ń pani. Ọ̀gá gbé ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ sójú. Ó wò ó, ó wò mí.

"Òjó."

"Sà."

"Iṣẹ́ kì í pani?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Iṣẹ́ ló ń pani?"

Mo na ọwọ́ sí yàrá ì nínú àpótí.

"Dáhùn, kí n lè mọ èyí tí màá fún ẹ ṣe."

Látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò pè mí lórúkọ mi mọ́. Òjò ló ń pè mí. "Òjò, wá rọ̀ síbí." "Ta ló rí Òjò? Àbí ó ti dá?" Bí oníbàárà bá wọlé, á ní, "Ẹ rọra o, Òjò ń bẹ nílé, ẹ kó aṣọ yín wọlé." Òfin rẹ̀ nìyẹn: bí o bá mú àmì kúrò lára ọ̀rọ̀, á yí àmì orúkọ tìrẹ náà padà. Akẹgbẹ́ mi tó ń jẹ́ Ọlá, Ọ̀la ló ń pe tirẹ̀. "Ẹ má gbọ́kàn lé Ọ̀la o," á ní, "kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa bí." A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá kan ẹlòmíràn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ràn àwàdà yìí jù. Bọ̀dá Tìámíyù lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Ìnísà. Bó bá gbé iṣu wá sí Ìkìrun, á yà kí mi, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o! Ṣé òjò rọ̀ níbí lónìí?"

Bí Bàbá Àmì bá ní ó rọ̀, Bọ̀dá á rẹ́rìn-ín títí tí fìlà á fi ṣí lórí rẹ̀. "Àna mi Òjò! Ẹ dá a sí fún mi o, ebè mi ń wá omi." Á fi iṣu kan sílẹ̀ fún mi, á sì máa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Àrìnpé nílé.

Àrìnpé kò lọ ilé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìgbà tó di ìyàwó ilé ló ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní Ìnísà. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, wọn ò tíì dé orí àmì. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ fún mi lórí bébà, mo ní, "Àǹtí, ẹ ò fi àmì sí i." Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mo kọ ọ́ fún, olójú àmì. Ọkọ mi ni mo kọ ọ́ fún, òun ò sì mọ̀wé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di oúnjẹ, ó ru ú, ó ń gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀ lóko, lọ́nà tó lọ láti Ìnísà sí Òkukù. Kò débẹ̀. Ẹ̀bá afárá kékeré kan ni wọ́n ti rí i, orí rẹ̀ ti fọ́, ẹrù oúnjẹ ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ ló gbá a tó sá lọ. Àwọn kan ní ó ká àwọn tó ń jí iṣu wà mọ́ oko ni. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wo ọkọ́ èjìká Bọ̀dá. Ọlọ́pàá ní àwọn ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn kò tíì sọ̀ títí di òní.

Nígbà tí ẹbí wa pé jọ, àwọn àgbà fẹ́ kí Bọ̀dá wá búra. Mo wo ọkùnrin náà níbi tó jókòó sí. Ó gbé ẹrù oúnjẹ yẹn lé ẹsẹ̀, kò tú u, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ebi ń pa á, a ń gbọ́ ariwo inú rẹ̀. Mo dìde, èmi tí mo kéré jù níbẹ̀. Mo ní, "Bí Bọ̀dá bá pa Àrìnpé, a jẹ́ pé èmi náà ni mo pa á." Àbúrò òkú ló sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ wí? Wọ́n túká. Láti ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá kò pè mí ní Òjò mọ́. Ó ní ẹni tó dúró ti òun lọ́jọ́ yẹn, òun ò ní í ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ mọ́, ìbáà ṣe àwàdà.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti dìde sí mi nìyí.

Tíṣà kan wá láti Òkukù, ẹ jẹ́ ká pè é ní Tíṣà Àlàó. Ó kọ ìwé ìtàn kan, Ẹni Tó Paná ni àkọlé rẹ̀. Bàbá Àmì fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n tò ó. Ojú ewé kìíní ni mo ti rí i: obìnrin kan ru oúnjẹ lọ sóko, kò débẹ̀. Ó pe obìnrin náà ní Àbẹ̀jẹ́, ó sì fún ìlú náà lórúkọ tí kò sí láyé, ṣùgbọ́n afárá tó wà níbẹ̀, afárá wa ni.

Mo dúró de Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ta ni obìnrin yìí?"

"Àròsọ ni."

"Àròsọ kì í kú lójú ọ̀nà Ìnísà, sà."

Ó wolẹ̀. "Òjó, mo gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ. Mi ò kọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á dé ìparí náà má mọ̀, kó gbé e sùn, kó gbé e jí, bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbé e."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo tò ó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé ọ̀daràn, ẹ máa ń sáré ṣí ojú ewé. Èmi ò lè sáré. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń wá ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà yẹn mọ inú èèyàn jù. Orí kan wọnú ọkàn ọkọ, orí kan wọnú ọkàn awakọ̀, orí kan wọnú ọkàn olè oníṣu, kò sì sí èyí tí kò ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo ń to ti awakọ̀, mo bá a sunkún. Nígbà tí mo ń to ti ọkọ, mo ń ṣi lẹ́tà mú. Ọkùnrin náà jókòó lórí ebè, ó ń retí oúnjẹ, ohun kan ń rìn lọ́kàn rẹ̀ tí òun gan-an kò fẹ́ wò lójú. Mo ní fún ara mi pé àròsọ ni, Òjó, òjé lásán ni. Mo dìde lọ bọ́jú, mo padà wá tò ó.

Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, obìnrin náà kò tíì kú tán. Ó na ìka, ó fi kọ lẹ́tà mẹ́ta sínú eruku ẹ̀bá ọ̀nà. Gbogbo ohun tí ìwé náà sọ nìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá dúró: oko.

Kò lámì lórí, kò lámì lábẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ oko, ibi tí à ń gbin iṣu sí ni. Bó bá jẹ́ ọkọ, baálé rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọkọ́, ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ohun tó ń sáré lórí títì ni. Gbogbo wọn ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé ọwọ́ kúrò lára àpótí lẹ́tà, mo ní Tíṣà, o burú.

Òun fúnra rẹ̀ wá bá Bàbá Àmì sọ ọ́.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ẹ má fi àmì kankan sí i. Ìhòòhò ni kó wà."

"Ìhòòhò? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Obìnrin inú ìtàn náà kò mọ àmì í fi sí i, Bàbá. Ẹ̀kọ́ àgbà ló lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà."

Bàbá Àmì húkọ́. Tíṣà rò pé ó gbà nìyẹn. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ikọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Mo to ọ̀rọ̀ náà ní ìhòòhò bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀gá sì rán mi lọ sí Ìbà pé kí n lọ gbé ìwé ìpolówó ìsọjí fún ìjọ kan. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rọ ti tẹ ojú ewé tó kẹ́yìn tán, wọ́n ti ń rán ìwé pọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Nǹkan kan gún mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un: o kan ni, kò lámì. Mo tún gbé ẹsẹ̀, mo tún tẹ ìkejì rẹ̀. Kí n tó ṣí ìwé ni mo ti mọ̀. Abẹ́ o àkọ́kọ́, òkúta kan. Abẹ́ o ìkejì, òkúta kan.

"Bàbá, ta ló fi àmì sí èyí?"

"Èmi ni. O gbàgbé rẹ̀."

"Mi ò gbàgbé, sà. Tíṣà ní..."

"Tíṣà ní, Tíṣà ní! Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, oko nìyẹn. Ṣé oko lè dìde pa obìnrin ni?"

"Ó lè jẹ́ ọkọ̀, sà. Ó lè jẹ́ ọkọ́."

"Bó bá jẹ́ ọkọ̀, àmì á wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ́, àmì á wà lórí rẹ̀. Kò sí àmì lórí rẹ̀. Kí ló kù?"

"Bàbá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń fún yín níṣu."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo fi àmì síbi tó yẹ ni." Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Òjò. Wo bí omi ṣe ń bọ́ lójú rẹ. Orúkọ yẹn kúkú yẹ ẹ́."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ìwé Yorùbá kì í tà ní agbègbè wa bí kì í bá ṣe ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ ilé ìwé rà. Èyí tà. Wọ́n kà á ní Òkukù, wọ́n kà á ní Ìkìrun, àmọ́ Ìnísà ló kà á jù. Àwọn tí kò kà á ni wọ́n ka ojú ewé tó kẹ́yìn fún. "Ìwé ló sọ ọ́," wọn a ní, bí ẹni pé ìwé ló dúró lẹ́bàá afárá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ nǹkan kan sínú eruku, òkú ni wọ́n bá a. Tíṣà ló fi ìka sí i lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Àwọn tó ń ra iṣu lọ́wọ́ Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin kan tó fẹ́ fi ṣe aya, àwọn òbí rẹ̀ ní kó dákun, kó má bínú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku bo fèrèsé ilé Bọ̀dá, àwọn kan á fi ìka kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀. Á nù ún láàárọ̀, wọ́n á tún kọ ọ́. Ohun tó dùn mí wọnú eegun ni pé wọn kì í gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn tí kò fi àmì sí orúkọ ara wọn rí láyé, wọ́n rántí fi òkúta méjèèjì sábẹ́ ìyẹn.

Mo lọ bá Tíṣà ní Òkukù pé kó jáde sọ pé àṣìṣe ni. Ó ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀, Òjó. Ó ti fọ́." Mo ní, "Ó fọ́ lóòótọ́, sà, àmọ́ orí Bọ̀dá lẹ fọ́ ọ mọ́." Nígbà tí ìwé tán tí a fẹ́ tún un tẹ̀, mo bẹ ọ̀gá mi pé kó jẹ́ kí n yọ àmì méjèèjì. Ó ní, "Ìwé tó ń tà, ta ló ń tún un ṣe?" Bọ̀dá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Eko Ende, ó lọ yá ilẹ̀ ṣoko níbẹ̀. Ọjọ́ tó ń lọ, mo búra fún un pé màá gba àmì yẹn kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀, màá sì mú un padà wọ Ìnísà lójú gbogbo ayé.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní ìyàwó, mo ti bí Títí, ọmọ mi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo dúró, mo ń fi ẹnu kan kí ọ̀gá mi láàárọ̀, mo ń fi inú kan bú u.

Ayé ń yí. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ẹ̀rọ oníná dé. Wọ́n kó gbogbo lẹ́tà òjé wa dànù fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, a, b, ẹ, ọ, gbogbo wọn jọ wọ inú àpò kan bí ẹ̀wà. Kọ̀ǹpútà dé, mo tún kọ́ ìyẹn. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ò mọ Òjó, kò mọ Òjò. O tẹ ọ̀rọ̀ tán pẹ̀lú àmì rẹ̀, o gbé e dé orí ẹ̀rọ mìíràn, àmì á ti di àmì ìbéèrè. Ìlú Ìkìrun di "?k?run" lójú mi. Bàbá Àmì á fi ojú tó ti ń ṣú wo ojú kọ̀ǹpútà, á mi orí, á lọ jókòó síta. Nígbà tó kú, èmi ni mo ṣe ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Kò sí àmì kan tó sọnù nínú rẹ̀. Mi ò lọ síbi ìsìnkú náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù dé, tó sọ gbogbo ènìyàn di atolẹ́tà. Àwọn oníbàárà ń fúnra wọn ṣe ìwé ìpè wọn lórí àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tì. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè iṣẹ́, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Mi ò ní iṣẹ́ kan tí mo lè fi lé yín lọ́wọ́.

Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé Tíṣà sórí Wásáàpù, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí àmì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Títí, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa báyìí, ló fi í hàn mí. Kì í kà á lọ́jọ́ tó bá wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń kà á sókè fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ìyá alákàrà iwájú ilé. Èmi ò lè dúró. Lọ́jọ́ tí ojú ewé tó kẹ́yìn wọlé, mo gbé fóònù tèmi sún mọ́ imú.

Oko. Ìhòòhò. Bí mo ṣe tò ó gẹ́lẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí Títí fi yọjú wò mí. Ohun tí mo fi gbogbo agbára bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀lẹ kan tí kò mọ ibi tí àmì wà lórí fóònù rẹ̀ ló ṣe é fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gun ọ̀kadà, ó di Eko Ende.

Bọ̀dá ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi. Ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ náà ni.

"Òjó! Kí ló lé ẹ?"

"Ẹ wo nǹkan, Bọ̀dá."

Mo fi ìka méjì fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù títí ó fi tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀? Mi ò mọ̀wé, ìwọ náà mọ̀."

"Òun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí òkúta lábẹ́ rẹ̀ mọ́."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó fi àtàǹpàkò kan abẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ bí ẹni ń wá ẹ̀gún. Ọ̀rọ̀ náà sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ọwọ́ padà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí fìlà rẹ̀ ti ń ṣí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Gbogbo èèyàn ló ń rí i báyìí?"

"Gbogbo èèyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a."

Ó gbé ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé mo lè wá kí sàréè Àrìnpé, kó má jẹ́ pé òru ni màá fi lọ?"

"Lọ́la. Ẹ wá jẹun nílé mi, ká jọ wọ Ìnísà pọ̀."

"Màá gba ọ̀kadà ìdájí." Ó di ọwọ́ mi mú. "Òjó, kí wọ́n gbà, kí wọ́n má gbà, kò ká mi lára mọ́. Ìwọ ni àbúrò rẹ̀. Bí ìwọ bá ti mọ̀ pé n kò ṣe é, ó ti tó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi tó dáa, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó mi ti gbé iṣu kaná. Títí gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù ìtàn náà. Ó dé ibi tí obìnrin náà ti na ìka.

"Ọkọ," ni Títí kà.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ìyá alákàrà pàtẹ́wọ́. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní!"

Mo fò dìde. "Ta ló sọ fún ẹ pé ọkọ ni? Wo ibẹ̀ dáadáa, ṣé àmì wà níbẹ̀?"

"Bàbá, kò sí àmì kankan nínú gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu la fi ń wá a." Ó na fóònù sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà atolẹ́tà, ó yá, ẹ kà á ká gbọ́."

Mo gbà á. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Ìtàn tí mo fi ọwọ́ tò lẹ́tà lẹ́tà, n kò yanu kà á rí. Mo dúró bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì, mo gbé ohùn sókè. Mo ka afárá. Mo ka oúnjẹ tó wà ní dídì. Mo ka eruku, mo ka ìka tó ń gbọ̀n. Ohùn mi dùn, mo ń gbọ́ ọ. Mo dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, mo la ẹnu.

Ọkọ ló jáde.

Re, re. Ó jáde geere, bí ẹni pé ó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Bọ̀dá Tìámíyù wà lórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì, ó wọ agbádá ọdún, ó gbé iṣu méjì lé itan. N kò gbọ́ ìgbà tí wọ́n dé. Ó wò mí. N kò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Ó sọ iṣu náà kalẹ̀ lẹ́bàá géètì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà fọ́.

"Òjò," ó ní. Dò, dò. "O káàárọ̀."

Ó fọwọ́ kan èjìká ọlọ́kadà. Ìyẹn kò tilẹ̀ tíì pa ẹ́ńjìnnì.